Ipá Líle ní Ìbẹ̀rẹ̀ Àgbáálá Ayé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé tí a Sọ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ìgboro Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìletò etí ọ̀sà wá, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àfaradà ooru ọ̀sán yìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ dá lórí ipá tí ó di inú kóró àtọ́ọ̀mù mú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ipá líle, àti bí ipá náà ti hùwà nígbà tí àgbáálá ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni mo gbé wá. Rárá o, bàbá. Ohun tí a fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀ láti bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó wà tí yóò ronú kan bọ́ǹbù.

Kí n má bàa fi yín sínú òkùnkùn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ipá líle jẹ́ nǹkan mìíràn, àti pé ó di ohun tí a mọ̀ lónìí nígbà tí ó yá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tí ipá náà ń tẹ̀lé kò yí padà. Àgbáálá ayé ni ó yí padà: ó fẹ̀, ó sì tutù. Ipá yìí ní ìwà kan tí ó ń hù nígbà tí nǹkan há tí ó sì gbóná, ó ní òmíràn tí ó ń hù nígbà tí nǹkan jìnnà síra tí ó sì tutù, ṣùgbọ́n inú òfin kan ṣoṣo ni ìwà méjèèjì ti wá.

Ẹ wo ife omi tí wọ́n gbé síwájú mi yìí. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé omi inú rẹ̀ wọn 180 gráàmù. Yálà omi kànga ni, tàbí irú èyí tí àwọn ìyá wa ń bù wọ́n ẹja láàyè ní ọjà Olúwo, 20 gráàmù nínú rẹ̀ ni háídrójìn, 160 yòókù sì jẹ́ ọ́síjìn. Kóró àtọ́ọ̀mù háídrójìn kò ju prótọ̀nù kan lọ, ìyẹn èérún kékeré tí ó gbé iná mànàmáná. Kóró ti ọ́síjìn ní prótọ̀nù 8 àti nútírọ̀nù 8, èyí tí kò gbé iná kankan, gbogbo wọn sì fún ara wọn mọ́ àyè kan tí ojú kankan kò lè rí. Bí a bá fẹ́ to prótọ̀nù lẹ́sẹẹsẹ títí ìlà wọn yóò fi gùn tó mìlímítà 1, nǹkan bíi bílíọ̀nù 600 ni a óò nílò.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Irú iná kan náà ni gbogbo prótọ̀nù gbé, ohun tí ó bá sì gbé irú iná kan náà máa ń ti ara wọn dànù. Nínú kóró ọ́síjìn, prótọ̀nù méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń ti ara wọn pẹ̀lú ipá tí ó tó ìwúwo ẹrù kílò 6. Kílò 6 lórí ohun tí kò tó nǹkan kan! Ó yẹ kí kóró ọ́síjìn ti fọ́n ká kí a tó pajú dé. Nígbà tí Ernest Rutherford fi hàn ní 1911 pé àtọ́ọ̀mù ní kóró, àti nígbà tí James Chadwick rí nútírọ̀nù ní 1932, ìbéèrè yìí di èyí tí a kò lè sá fún mọ́: kí ni ó ń dì wọ́n mú? Hideki Yukawa, ọmọ ilẹ̀ Jàpáàn, dáhùn ní 1935 pé ipá mìíràn wà tí ó le ju ti iná lọ, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn, tí kò sì ní agbára kankan mọ́ ní kété tí a bá kúrò ní àdúgbò kóró náà. Ó ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí ó ń gbé ipá yìí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó sì ṣírò ìwúwo rẹ̀. Ní 1947, ẹgbẹ́ Cecil Powell rí ohun náà, pàyọ́nù, nínú ìtànṣán tí ó ń wọlé láti òfuurufú. Bí kì í bá ṣe ti ipá yìí, kò sí ọ́síjìn, kò sí omi, kò sì sí ọ̀sà.

Ṣùgbọ́n ohun tí Yukawa rí kò tíì jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ní 1964, Murray Gell-Mann àti George Zweig dá èrò kan náà mú wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé prótọ̀nù àti nútírọ̀nù fúnra wọn ní ohun tí ó kéré jù wọ́n lọ nínú, èyí tí a ń pè ní kúáàkì. Mẹ́ta ni ó wà nínú prótọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kọ́kọ́ ka èyí sí ọgbọ́n ìṣirò lásán. Láti nǹkan bíi 1968 ni àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilé ìwádìí SLAC ní Kalifọ́níà, ti ń yìn ẹlẹ́kítírọ̀nù tí ó ní agbára púpọ̀ lu prótọ̀nù, tí wọ́n sì rí i pé ẹlẹ́kítírọ̀nù náà ń ta padà bí ìgbà tí ó kọlu ohun kékeré líle kan nínú ibẹ̀. Nígbà náà ni ohun àràmàǹdà kan yọjú. Kúáàkì inú prótọ̀nù ń rìn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó dè é, síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tí ó tíì fa ẹyọ kan jáde rí. Báwo ni ohun kan ṣe lè wà ní òmìnira nínú ilé, kí ó má sì lè kọjá ẹnu ọ̀nà?

David Gross, Frank Wilczek àti David Politzer ni wọ́n tú kókó náà ní 1973, èyí tí ó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé ipá líle máa ń rọ̀ bí kúáàkì bá ti ń súnmọ́ ara wọn sí i, tí ó sì ń le bí wọ́n bá ti ń jìnnà. Òdìkejì ohun tí òòfà ilẹ̀ àti ipá iná ń ṣe nìyẹn. Ẹ rò ó bí ewúrẹ́ tí a fi okùn so mọ́ èèkàn. Nígbà tí ó bá wà nítòsí èèkàn, okùn náà dẹ̀, ó ń jẹ kiri bí ẹni pé a kò so ó rárá. Ìgbà tí ó bá fẹ́ sá lọ sí oko olóko ni yóò mọ̀ pé òun wà lórí ìso. Ibi tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ti yàtọ̀ ni pé okùn tirẹ̀ lè já kí ó sì sá lọ. Ti kúáàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fa kúáàkì méjì ya, ipá tí ó ń fà wọ́n padà tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 16, kò sì dín kù bí a ti ń jìnnà. Agbára tí a ń ná láti fi fà wọ́n yóò pọ̀ débi pé yóò di kúáàkì tuntun àti kúáàkì-òdì tuntun (ìyẹn òdìkejì kúáàkì), kí okùn náà tó já tán. Ẹni tí ó fẹ́ yọ ẹyọ kan yóò kàn rí i pé òun ti dá ìdìpọ̀ mìíràn sílẹ̀ ni. Ohun tí ó ń gbé ipá yìí láàárín wọn ni a ń pè ní glúọ̀nù, àwọn olùwádìí sì rí ẹ̀rí rẹ̀ ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ní 1979.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé ti wọlé, kí n sì sọ òótọ́, ibí yìí ni ó dùn mọ́ mi jù. Ṣáájú 1973, kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú ṣírò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìdá kékeré àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Rolf Hagedorn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN ní Jẹ̀nífà, ti ṣàkíyèsí ní 1965 pé bí a bá ń fi ooru kún ohun tí ipá líle ń dì mú, kì í gbóná sí i títí. Agbára tí a ń fi kún un a máa lọ sínú dídá oríṣiríṣi èérún tuntun tí ó wúwo sílẹ̀. Ó parí rẹ̀ sí pé ìgbóná ní ààlà, àti pé ààlà náà kò jìnnà sí tírílíọ̀nù 2 dígírì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbáálá ayé kò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ṣùgbọ́n ní 1975, lẹ́yìn iṣẹ́ Gross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Nicola Cabibbo àti Giorgio Parisi ní ilẹ̀ Ítálì sọ pé ohun tí Hagedorn rí kì í ṣe òpin ìgbóná. Ó jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń yí padà láti irú kan sí òmíràn. Ní ọdún kan náà, John Collins àti Malcolm Perry kọ̀wé pé bí nǹkan bá há dé ìwọ̀n kan, kúáàkì kò ní mọ prótọ̀nù tí òun jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ orí àgbáálá ayé kò tíì ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìgbóná rẹ̀ kọjá tírílíọ̀nù dígírì mélòó kan. Àárín gbùngbùn oòrùn wa, tí ó jẹ́ mílíọ̀nù dígírì 15, tutù gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí prótọ̀nù kankan níbẹ̀, kò sì sí nútírọ̀nù. Kúáàkì, kúáàkì-òdì àti glúọ̀nù ni ó kún ibi gbogbo, pẹ̀lú ẹlẹ́kítírọ̀nù, nútrínò (èérún fífúyẹ́ tí kò gbé iná) àti ìmọ́lẹ̀. Wọ́n há mọ́ ara wọn débi pé kúáàkì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ aládùúgbò ní ọ̀nà tí ó kúrú ju fífẹ̀ prótọ̀nù lọ. Níwọ̀n bí ipá líle sì ti ń rọ̀ ní ọ̀nà kúkúrú àti nínú ìkọlù alágbára, kò sí ìdí tí ọ̀kan yóò fi so mọ́ ẹnìkan pàtó. Nígbà tí ìyẹn ń lọ lọ́wọ́, òfin tí ó sọ pé kúáàkì kò gbọ́dọ̀ dá rìn wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti wà lónìí; kò tíì sí àyè tí ó tó kí ó fi ara hàn ni.

Bí àgbáálá ayé ti ń fẹ̀ ni ó ń tutù. Nígbà tí ó pé bíi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbóná rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù dígírì 1.8. Láàárín ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sí ohun tí ó yára jù ú lọ, kò lè tíì rìn ju kìlómítà 6 lọ. Bí ó bá gbéra láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Ìkòròdú ṣì jìnnà sí i. Ìgbà náà ni kúáàkì kó ara wọn jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta àti ní méjì-méjì, tí prótọ̀nù, nútírọ̀nù, pàyọ́nù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sì dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí kúáàkì tí ó tún dá wà nínú ayé tí ó tutù.

Ọ̀rọ̀ bí ìyípadà yìí ti wáyé gan-an fa àríyànjiyàn fún ọdún pípẹ́. Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lójijì, bí omi ti ń hó, tí ìhó prótọ̀nù ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún láàárín kúáàkì, àbí díẹ̀díẹ̀ ni? Kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Edward Witten fi hàn ní 1984 pé bí ó bá jẹ́ ti òjijì, ìhó wọ̀nyẹn ìbá ti dá ìgbì sílẹ̀ nínú òòfà àgbáálá ayé (irú òòfà tí ń fa nǹkan wálẹ̀, kì í ṣe ti irin), wọ́n sì lè fi ègé kúáàkì tí ó wúwo kọjá sísọ sílẹ̀ káàkiri. Ìṣirò rẹ̀ le ju ohun tí a lè fi ọwọ́ ṣe lọ, nítorí pé ní ìgbóná yẹn ipá líle kò rọ̀ tó láti fi ọ̀nà tí ó rọrùn ṣírò. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni ó ṣe é. Wọ́n pín àyè àti àkókò sí ojúlé kéékèèké, wọ́n sì ṣírò ohun tí kúáàkì àti glúọ̀nù ń ṣe nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ní 2006, Zoltan Fodor àti àwọn mẹ́rin mìíràn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì àti Họ́ńgárì, tẹ àbájáde tiwọn jáde: kò sí ìhó. Díẹ̀díẹ̀ ni kúáàkì fi di prótọ̀nù, bí ìgbóná ti ń wálẹ̀, láìsí ààlà kan pàtó tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Àwọn kan rò pé ìdáhùn yìí kò dùn tó. Ní tèmi, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù tí kọ̀ǹpútà ti bá wa ṣe.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà tí kò yẹ kí n fò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iye kúáàkì-òdì tó iye kúáàkì. Bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, wọ́n á sì di ìmọ́lẹ̀. Nínú bílíọ̀nù kan, kúáàkì fi ẹyọ kan péré ju èkejì lọ. Nígbà tí ìparẹ́ náà parí, ẹyọ kan yẹn ni ó ṣẹ́kù, òun sì ni ó di gbogbo ìràwọ̀, gbogbo ilẹ̀, gbogbo ènìyàn tí ó jókòó síbí. Kì í ṣe ipá líle ni ó fa ìyàtọ̀ náà, ohun tí ó sì fà á kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ipá líle kàn di èyí tí ó ṣẹ́kù mú ni.

Ó sì dì í mú pẹ̀lú èrè. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ife omi yìí. Bí a bá wọn kúáàkì mẹ́ta inú prótọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ro wọ́n pọ̀, wọn kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo prótọ̀nù lọ. Nínú 180 gráàmù omi yìí, nǹkan bíi gráàmù 2 ni ìwúwo kúáàkì fúnra rẹ̀. Gráàmù 178 yòókù jẹ́ agbára: ti eré tí àwọn kúáàkì ń sá nínú àhámọ́ wọn, àti ti glúọ̀nù tí ó há wọn mọ́ ibẹ̀. Albert Einstein ti kọ́ wa láti 1905 pé agbára ní ìwúwo. Nítorí náà, ohun tí ó wúwo nínú ara yín, nínú ọkọ̀ ojú omi, nínú ẹja, ìdá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ agbára tí ipá líle tì mọ́lé nígbà tí àgbáálá ayé pé ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ ó bi mí pé ta ni ó débẹ̀ tí ó fi mọ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Kò sí ẹni tí ó débẹ̀, ṣùgbọ́n a lè tún irú ìgbóná yẹn dá. Ní ilé ìwádìí Brookhaven, nítòsí Niu Yọ́ọ̀kì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2000 láti máa fi kóró wúrà kọlu kóró wúrà, tí méjèèjì sì ń sá eré tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Kóró wúrà kan ní prótọ̀nù 79 àti nútírọ̀nù 118. Nígbà tí wọ́n bá forí gbárí, ooru ibẹ̀ a máa yọ́ gbogbo wọn di kúáàkì àti glúọ̀nù. Wọ́n wọn ìgbóná náà, wọ́n sì kéde ní 2010 pé ó tó tírílíọ̀nù dígírì 4. Láti oṣù kọkànlá 2010 ni CERN náà ti ń fi kóró òjé ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó ju ìyẹn lọ, níbi tí ilé ìwádìí iThemba LABS ti Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ALICE, ẹgbẹ́ tí ń yẹ ìkọlù náà wò.

Ohun tí wọ́n rí ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn ló ń retí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí kúáàkì inú rẹ̀ yóò máa fò kiri láìka ara wọn sí, nítorí pé ipá líle yẹ kí ó ti rọ̀. Ní 2005, àwọn tí ó wà ní Brookhaven kéde pé ohun tí àwọn rí ń ṣàn. Ó jẹ́ omi, kì í ṣe afẹ́fẹ́, ó sì jẹ́ omi tí ìfàsẹ́yìn inú rẹ̀ kéré ju ti ohunkóhun tí a ti wọ̀n rí lọ. Bí kóró méjèèjì bá kọlu ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ibi tí wọ́n ti pàdé kò rí roboto, èérún tí ń jáde a máa pọ̀ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ṣàn pọ̀ máa ń ṣe, èyí tí ń fò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún ọ̀rọ̀ wa ni pé ní tírílíọ̀nù dígírì 2 sí 4, kúáàkì ti kúrò nínú àhámọ́ prótọ̀nù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń di ara wọn lọ́wọ́ mú gírígírí. Òmìnira tí Gross àti Wilczek sọ kò pé títí a ó fi dé ìgbóná tí ó ga ju èyí lọ púpọ̀. Àgbáálá ayé la irú ìgbà méjèèjì kọjá, ní títò padà: òmìnira kọ́kọ́ wà, omi tẹ̀lé e, àhámọ́ sì dé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ń tún ìbẹ̀rẹ̀ ayé dá. Ẹ má gbà á tán. Èyí tí wọ́n dá kì í pẹ́ ju ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá tí òǹkà rẹ̀ ní òdo 22 lẹ́yìn àmì ìdá, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ní àkókò tí ó pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fara balẹ̀. Ìgbóná ni wọ́n fi jọra.

Iṣẹ́ kejì tí ipá líle ṣe dé lẹ́yìn náà. Nígbà tí àgbáálá ayé pé ìṣẹ́jú àáyá 1, ìgbóná rẹ̀ ti di bíi bílíọ̀nù dígírì 10, nútírọ̀nù sì ti dín kù sí nǹkan bíi ẹyọ kan sí prótọ̀nù 6, nítorí pé ó fi díẹ̀ wúwo ju prótọ̀nù lọ, ó sì nira láti dá. Prótọ̀nù àti nútírọ̀nù fẹ́ dì mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n lè ṣe, ìyẹn déútẹ́rọ̀nù, kò lágbára rárá. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ ni ó wà fún prótọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó gbóná jù nínú wọn sì ń tú déútẹ́rọ̀nù ká bí ó bá ti ń dì. Ìdádúró yìí gba ìṣẹ́jú mélòó kan, nútírọ̀nù tí ó dá wà sì ń jẹrà lọ ní tirẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́ ju bíi ìṣẹ́jú 15 lọ. Nígbà tí ìgbóná wálẹ̀ sí bílíọ̀nù dígírì 1, ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 3, déútẹ́rọ̀nù dúró, gbogbo rẹ̀ sì yára di hílíọ̀mù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bébà, kí á jọ ṣírò rẹ̀. Ní àkókò náà, nútírọ̀nù 1 ni ó kù sí prótọ̀nù 7. Ẹ mú nútírọ̀nù 2 àti prótọ̀nù 14, àpapọ̀ wọn jẹ́ 16. Hílíọ̀mù kan ń fẹ́ nútírọ̀nù 2 àti prótọ̀nù 2. Ẹ yọ wọ́n. Prótọ̀nù 12 ni ó ṣẹ́kù, ìyẹn háídrójìn. Mẹ́rin nínú 16 jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn awòràwọ̀ sì wọn hílíọ̀mù nínú gáàsì tí ó pẹ́ jù ní òfuurufú, nǹkan bíi ìdá 25 náà ni wọ́n rí. Ralph Alpher àti George Gamow ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti 1948, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé gbogbo nǹkan, títí kan irin, ni a lè dá ní ọ̀nà yìí. Ipá líle kò gbà fún wọn. Kò sí ìdìpọ̀ ẹlẹ́ni 5, ìyẹn tí prótọ̀nù àti nútírọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ 5 lápapọ̀, tí ó lè dúró, kò sì sí ti ẹlẹ́ni 8, nítorí náà ọ̀nà dí lẹ́yìn hílíọ̀mù àti lítíọ̀mù díẹ̀. Ọ́síjìn inú ife yìí ní láti dúró de ìràwọ̀.

Lítíọ̀mù yẹn ni ẹ̀gún inú ọ̀rọ̀ náà. Ìṣirò sọ pé ó yẹ kí ó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a ń rí nínú àwọn ìràwọ̀ àgbàlagbà. Bóyá àwọn ìràwọ̀ náà ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Èrò tèmi tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi tìtorí rẹ̀ sọ pé ipá líle yàtọ̀ nígbà náà, nítorí bí ó bá fi díẹ̀ péré rọ̀ ju ti òní lọ, déútẹ́rọ̀nù kò ní lè dúró, ìdá 25 hílíọ̀mù kò sì ní bá a mu.

Ẹ̀rí mìíràn wà nítòsí wa, ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín. Ní 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí ń yẹ yùréníọ̀mù láti Oklo ní Gàbọ́ọ̀nù wò rí i pé irú rẹ̀ tí ó máa ń jó kò pé: ó jẹ́ 0.717 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 0.720. Ohun tí ó fà á ni pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn, omi wọ inú ilẹ̀ ibẹ̀, yùréníọ̀mù náà sì ń jó fúnra rẹ̀ (kóró rẹ̀ ni ó ń pín, kì í ṣe iná tí a fi ń dáná), láìsí ènìyàn kankan. Nínú eérú rẹ̀ ni irú samáríọ̀mù kan, tí ó jẹ́ irin, wà tí ó ń gbé nútírọ̀nù mì ní ọ̀nà kan tí ó gbẹgẹ́, nítorí ó wà lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ó ṣe wẹ́kú láàárín ipá líle àti ipá iná. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀ nígbà náà, iye samáríọ̀mù tí ó ṣẹ́kù yóò yàtọ̀ púpọ̀. Alexander Shlyakhter ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1976, iye náà sì bá ohun tí ipá ti òní yóò ṣe mu.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọbìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ girama dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ̀rọ awòràwọ̀ kan wà tí ó lè rí ìgbà tí kúáàkì di prótọ̀nù?" Mo dá a lóhùn pé ìmọ́lẹ̀ kò lè mú ìròyìn ìgbà náà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé títí àgbáálá ayé fi tó nǹkan bíi ọdún 380,000, ìmọ́lẹ̀ kò lè kọjá nínú rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ìgbì òòfà nìkan ni ó lè kọjá. Ìgbì tí ó bá ti ìgbà yẹn wá yóò ti nà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan yóò fi gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọjá wa tán. Àwọn onímọ̀ ń fi ìràwọ̀ tí ń yí bírí-bírí, tí ìtànṣán wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa bí ìlù tí kì í tàsé, ṣọ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀, ní 2023 sì ni ẹgbẹ́ olùwádìí NANOGrav àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kéde pé àwọn ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá ti kúáàkì ni. Mo ní ohun tí ọ̀pọ̀ fura sí ni ihò dúdú ńláńlá (ohun tí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde) tí ń yí ara wọn ká ní méjì-méjì, nítorí pé ìyípadà tí kò ní ìhó, irú èyí tí Fodor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò, kì í dá ìgbì tí ó le tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì tún bèèrè bí a ti ń mọ̀ pé ìlù ìràwọ̀ tàsé, ìdáhùn ìyẹn ni ó sì gba wákàtí tí ó kù fún wa.